Ta Ló Ń Sọ Àlejò Di Ọmọ Ìlú?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àlejò ṣe ń di onílé kò ní láti rìn jìnnà, Sùúrùlérè tó o wò. Ilẹ̀ Àwórí ni, oko àti igbó ló sì pọ̀ níbẹ̀ kó tó di 1955, nígbà tí àjọ LEDB, tó ń bójú tó ètò ilé ní Èkó lábẹ́ ìjọba amúnisìn, bẹ̀rẹ̀ ètò láti wó àwọn ilé tó fún mọ́ ara wọn ní àárín Erékùṣù Èkó, tí wọ́n sì ń kó àwọn tó ń gbé inú wọn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Èkó kan náà ni wọ́n ti kúrò, Èkó kan náà ni wọ́n dé. Síbẹ̀, nígbà tí Peter Marris, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣèwádìí láàárín wọn, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, ẹjọ́ tó gbọ́ lẹ́nu wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Peckham tàbí Houston lónìí: ẹbí ti jìnnà, owó ọkọ̀ ń gbọ́n àpò gbẹ, ọjà tí ìyàwó ń tà kò yá mọ́. Lẹ́yìn wọn ni Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ìgbò, Ẹdó, Ùròbò, ará Gánà àti ará Kùtọnù rọ́ dé. Orúkọ òpópónà àti àdúgbò ibẹ̀ pàápàá kò pa á mọ́: Moore, Randle àti Shitta jẹ́ orúkọ tí ìtàn Èkó so mọ́ àwọn tó ti Sàró dé, àdúgbò kan sì wà tó ń jẹ́ Àgùdà, orúkọ tí à ń pe àwọn tó ti Brazil dé. Níbi tí tẹrú tọmọ ti jẹ́ àtìpó báyìí, ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé, nígbà tí ìdílé kan bá ṣí kúrò ní ìlú baba rẹ̀, tó bímọ sí ilẹ̀ ibòmíràn, kí ló ń pinnu ìlú tí ọmọ náà yóò máa pè ní tirẹ̀?

Ìdáhùn méjì ló wọ́pọ̀ lẹ́nu wa. Ti àkọ́kọ́ ni pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ: bí ọmọ bá ti di ará ibòmíràn, òbí ló jẹ̀bi, wọn ò kọ́ ọ lédè, wọn ò mú un wálé rí. Ti ìkejì ni pé ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo rẹ̀: ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, Yorùbá ni, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Lawanson ní Sùúrùlérè, Ìgbò ni títí ayé, kò sí ohun tó lè yí i padà. Ìdáhùn méjèèjì dà bíi pé wọ́n ń ta ko ara wọn, àmọ́ ibì kan náà ni wọ́n forí lé. Orí ìdílé tó ṣí lọ ni wọ́n gbé gbogbo ẹrù kà; ìlú tó gbà wọ́n, tàbí tó kọ̀ wọ́n, kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Lójú tèmi, ìtàn kò gbè sẹ́yìn èyíkéyìí nínú wọn. Ìlú ló ń sọ àlejò di ọmọ ìlú, nípa òfin tó ṣe, ilẹ̀ tó tà fún un, oyè tó fi dá a lọ́lá, ọmọ tó fún un fẹ́ àti iṣẹ́ ọba tó gbà á láyè láti ṣe. Àṣà tí ìdílé gbé dání láti ilé kì í dí ìyẹn lọ́wọ́. Àní, ibi tí wọ́n bá ti ń ti èèyàn sẹ́yìn ló ti sábà máa ń di àṣà baba rẹ̀ mú pinpin.

Ìtàn Sàró àti Àgùdà ló fi èyí hàn jù. Láti nǹkan bí 1838 ni àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n sì tẹ̀ dó sí Freetown ní Sierra Leone, tí à ń pè ní Sàró, ti ń padà sí Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní 1851, tí wọ́n sì gba ìlú náà ní 1861, Èkó di ibi tí púpọ̀ nínú wọn forí lé. Láti Brazil, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, àti láti Cuba ni àwọn Àgùdà ti ń dé ní tiwọn. Ẹ fojú onílé wò wọ́n. Sàró ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán, ó ń jẹ́ Macaulay, Cole tàbí Williams. Àgùdà ń sọ Potogí, ó ń jẹ́ da Silva, Pereira, Cardoso tàbí da Rocha, oúnjẹ rẹ̀ sì yàtọ̀. Sàró dó sí Olówógbowó, Àgùdà dó sí Pópó Àgùdà, onílé sì ń pe àwọn tó ń ṣe bí ará òkè òkun nínú wọn ní òyìnbó dúdú, orúkọ tí kì í ṣe oríkì. Ṣùgbọ́n Èkó nílò wọn, ó sì gbà wọ́n láyè. Àwọn Àgùdà bíi Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross tí wọ́n parí ní 1881. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, tún wá jẹ́ àpẹẹrẹ tí n kò rí irú rẹ̀ níbòmíràn: Mohammed Shitta, tí wọ́n bí sí Sàró, ló náwó rẹ̀, João da Costa, Àgùdà, ló kọ́ ọ, Sọ́tánì ilẹ̀ Tọ́kì ló rán aṣojú wá láti fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Títí di òní, ọmọ Èkó kan kì í wo ilé yẹn kó sọ pé ti àjèjì ni.

Bí Sàró ṣe wá di Yorùbá ni ó yẹ ká fara balẹ̀ wò, nítorí kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ṣì ń gbé wọn sípò, wọn ò kánjú láti dà bí onílé. Wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ta ni kò ní rò pé ọ̀nà là? Ní 1890 ni àwọn ọ̀dọ́mọdé míṣọ́nnárì aláwọ̀ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í tú iṣẹ́ Crowther ní etí odò Ọya ká, wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn pásítọ̀ rẹ̀, wọ́n yọ wọ́n níṣẹ́. Bàbá náà kú ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891, aláwọ̀ funfun ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ọba náà, ipò tí aláwọ̀ dúdú ń dé tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó. Àárín àsìkò yìí gan-an ni àwọn èèyàn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, tí wọ́n ń wọ agbádá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì ń kọ ìtàn baba wọn sínú ìwé. Ìjọ United Native African ya kúrò lára àwọn òyìnbó ní 1891. David Brown Vincent di Mọ́jọlá Agbébi ní 1894. Joseph Pythagoras Haastrup sọ ara rẹ̀ di Adémúyìwá Haastrup. Samuel Johnson, tí wọ́n bí sí Sàró ní 1846, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1921 ni ó tó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìwé yẹn ni a ṣì ń tọ́ka sí bí àríyànjiyàn bá dé lórí Ọ̀yọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó yí orúkọ padà ló yí ọkàn padà o. Edmund Macaulay di Kítóyè Àjàsá, síbẹ̀ ó ṣòro láti rí ọmọ Èkó tó fẹ́ràn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó o. Ṣùgbọ́n lápapọ̀, àìríbi-jókòó lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló lé wọn padà sídìí àṣà, àyè tí Èkó sì fún wọn ló jẹ́ kí àṣà náà gbà wọ́n. Nígbà tí ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà fìdí múlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1948, Sir Adéyẹmọ Alákijà ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ Àgùdà tí ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Assumpção títí di 1913. Ibùdó àṣà àti ìtàn Yorùbá tí ìjọba Èkó kọ́ sí Oníkàn, tí wọ́n ṣí ní 2023, John Randle ni wọ́n fi sọ lórúkọ, dókítà tí wọ́n bí sí Sàró ní 1855.

Ẹnì kan lè sọ pé àpẹẹrẹ yìí kò bá ọ̀rọ̀ mu, pé ọmọ tó sọnù tó padà wálé ni Sàró àti Àgùdà, pé ẹ̀jẹ̀ ló pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò tó. Èkó kọ́ ni ilé baba ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òṣogùn, ní ẹ̀bá Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti mú Crowther ní 1821. Ní ayé ìgbà náà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú ń bá ara wọn jagun, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ará Òṣogùn di ọmọ Èkó nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wọn pa pọ̀. Síbẹ̀ ọmọ ọmọ Crowther, Herbert Macaulay, ló dúró ti Elékòó, ọba Èkó, nígbà tí ìjọba ń fìyà jẹ ẹ́, òun ló sì bá Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí ilé ẹjọ́ Privy Council dá ní 1921, èyí tó fi múlẹ̀ pé ilẹ̀ Èkó kì í ṣe ti ọba Gẹ̀ẹ́sì lásán. Bí ó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù ìpínlẹ̀ àbínibí tí à ń kún lónìí ni wọ́n gbé fún Macaulay, ojú rẹ̀ ì bá rí nǹkan. Ní Tógò, ìdílé Olympio, tí bàbá àgbà wọn ti Brazil dé, ló mú Sylvanus Olympio jáde, olórí orílẹ̀-èdè náà nígbà tó gba òmìnira ní 1960. Ó sì tún yẹ ká kíyè sí ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn Àgùdà Èkó. Èdè Potogí ti kú láàárín wọn. Àmọ́ fùrẹ̀jọ́ọ̀nù kì í wọ́n ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, Káàrétà ṣì ń jáde lásìkò ọdún, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n yan ọ̀kan nínú jíjẹ́ ọmọ Èkó àti jíjẹ́ ọmọ Àgùdà. Wọ́n rí àyè, wọ́n sì pa ohun tó wù wọ́n mọ́.

Gánà ni ẹ̀rí ti le jù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìnísà àti Ìgbẹ́tì ti ń ṣòwò ní Accra, Kumasi àti Tamale. Wọ́n kọ́lé níbẹ̀, wọ́n bímọ níbẹ̀, ọmọ náà tún bímọ. Ìwé tí J. S. Eades kọ lórí wọn ní 1993 fi hàn bí wọ́n ṣe wọnú ọjà ìhà àríwá Gánà tó. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ rí i gbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó fi ìlú sílẹ̀. Ọmọ tó gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ di ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ìlú tó jẹ́ orúkọ lásán létí rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó ti gbìyànjú láti dà bí ará Gánà. Àwa náà kò kọ́gbọ́n. Ní 1979 a bá àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS tọwọ́ bọ̀wé pé kí ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lè wọlé láìgba físà fún 90 ọjọ́. Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní 1983, tí owó epo ti wálẹ̀ tí ìdìbò sì ń bọ̀, ìjọba Shehu Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 2 èèyàn ló kan, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ wa ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, tó ń rán aṣọ, tó ń ṣe bàtà ní Mushin àti Sùúrùlérè, di ẹni tó ń du ọkọ̀ ní ẹnu ibodè. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa nínú ọ̀rọ̀ náà ni báàgì tí à ń pè ní Ghana-must-go. Àwọn kan máa ń dáhùn pé Yorùbá tó wà ní Gánà fúnra wọn kò fi ọkàn síbẹ̀, pé ilé tí wọ́n ń kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló jẹ wọ́n lógún, nítorí àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ní in lọ́kàn láti padà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti lè ní kí èèyàn lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ta ni yóò fi gbogbo owó rẹ̀ mọlé síbẹ̀? Kí onílé tó fẹ̀sùn kan àlejò pé ọkàn rẹ̀ kò sí nílé, kó kọ́kọ́ wo òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

Britain fi hàn pé òfin kan ṣoṣo lè ya ọmọ ìyá méjì sọ́tọ̀. Kó tó di 1983, ọmọ tí wọ́n bá bí sí ilẹ̀ náà jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Òfin Nationality ti 1981, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 1983, ní ó di dandan kí bàbá tàbí ìyá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà tàbí kó ti gba ìwé ìgbélùú pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Èkó tó bí àkọ́bí sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá 1982 bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá bí èkejì sí ọsibítù kan náà ní 1984, ọmọ àjèjì ló bí. Kí ni ẹ̀jẹ̀ tàbí àṣà mọ̀ nínú èyí? Kẹmi Badenoch jàǹfààní òfin àtijọ́: wọ́n bí i ní Wimbledon ní oṣù Kìn-ín-ní 1980, ó dàgbà ní Èkó, Sùúrùlérè ni bàbá rẹ̀ tó jẹ́ dókítà ní ilé ìwòsàn sí, ó padà sí Britain ní ọmọ ọdún 16, ó sì di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative ní oṣù Kọkànlá 2024. Nígbà tí Igbákejì Ààrẹ Kashim Shettima bẹnu àtẹ́ lù ú ní ìparí ọdún náà nítorí ohun tó ń sọ nípa Nàìjíríà, ó fèsì pé òun ka ara òun sí Yorùbá ju Nàìjíríà lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn nílé sì pín sí méjì. Ní tèmi, n kò rí i bí ẹni tó ta ilé baba rẹ̀, n kò sì rí i bí akọni Yorùbá. Ohun tó sọ ni ohun tí ìtàn Sàró ti sọ tẹ́lẹ̀: orílẹ̀-èdè tó gbé èèyàn sípò ni yóò máa pè ní tirẹ̀, àṣà a sì máa bá a lọ bó ṣe wù ú. Ibi tó ti ṣì ni ti oṣù Keje 2025, nígbà tó sọ lórí CNN pé òun kò lè fún àwọn ọmọ òun ní ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà nítorí pé obìnrin ni òun. Abala 25 nínú òfin ìpilẹ̀ 1999 sọ kedere pé ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Ọkọ ni obìnrin wa kò lè fún. Abala 26 gba ọkùnrin láyè láti mú ìyàwó àjèjì wọlé, kò gba obìnrin láyè láti mú ọkọ.

Bọ́ọ̀lù sọ ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tó rọrùn. Bukayo Saka àti Ademola Lookman, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, orúkọ wọn Yorùbá. Saka ń gbá bọ́ọ̀lù fún England láti 2020. Lookman bá àwọn ọ̀dọ́ England gba ife àgbáyé ní 2017, ó yà sọ́dọ̀ Nàìjíríà ní 2022, ó sì di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà fún 2024. Bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ wọn tàbí ilé tí wọ́n ti jáde sọ tẹ́lẹ̀ ibi tí wọn yóò yà sí, àròsọ ló ń ṣe.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti èdè. Ní àwọn ọdún 1950 sí 1980, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ wa kó ọmọ wọn fún àwọn ìdílé aláwọ̀ funfun ní Kent àti Sussex láti bá wọn tọ́, wọ́n tilẹ̀ ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World. Ọmọ náà á dàgbà láìgbọ́ ẹ kú àárọ̀. Lónìí tí ó lé ní 270,000 èèyàn tí wọ́n bí sí Nàìjíríà ń gbé ní England àti Wales, gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn 2021 ti sọ, ìbẹ̀rù náà tún ti dé: bí èdè bá lọ, kí ló kù? N kò ní sọ pé kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè gbádùn oríkì ara rẹ̀, aṣọ ẹbí àti jọ̀lọ́ọ̀fù kò sì lè dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á tó di ẹ̀bi ru Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jẹ́ ká wọ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní òpópónà Adéníran Ògúnsànyà tàbí Bọ̀dé Thomas ní Sùúrùlérè. Àìmọye ọmọ ló wà níbẹ̀ tí bàbá àti ìyá wọn jẹ́ Yorùbá, tí wọn ò tíì wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn bí ìyá àgbà bá kí wọn. Ìjìyà ni fún ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú kíláàsì ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa. Ní 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba Èkó ṣòfin ní oṣù Kejì 2018 pé Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò èdè abínibí fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022, ó sì pa á tì ní oṣù Kọkànlá 2025. Nítorí náà, èdè ń kú níbi tí kò ti sí àlejò kankan. Kò yẹ ká máa kà á sí ohun tí ìrìn àjò fà, nígbà tó jẹ́ pé iyì tí ìjọba àti ilé ẹ̀kọ́ fún èdè kan ló ń pinnu ẹni tí yóò sọ ọ́, nílé àti lẹ́yìn odi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun Sùúrùlérè jù kò kan òkè òkun. Ọmọ Ìgbò, Ẹdó tàbí Ùròbò tó wà ní Ìtìrẹ̀ tàbí Àgùdà kì í ṣe àjèjì, ọmọ Nàìjíríà ni. Abala 15 nínú òfin ìpilẹ̀ tilẹ̀ ní kí ìjọba rí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀kún ẹ̀tọ́ ìgbélùú níbikíbi. Àmọ́ òfin kan náà ní, ní abala 147, pé mínísítà tí wọ́n yàn fún ìpínlẹ̀ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, abala 318 sì ṣàlàyé pé ẹni tí òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ tó ni ilẹ̀ náà ni ọmọ ìpínlẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí sí Ojúẹlẹ́gba, tó kàwé níbẹ̀, tó ṣòwò níbẹ̀ fún 50 ọdún, yóò ṣì lọ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ní ìlú tí kò sùn sí ju òru mẹ́wàá lọ láyé rẹ̀. Ìdìbò 2023 fi ohun tí èyí ń bí hàn. Lẹ́yìn tí Peter Obi fi 582,454 ìbò borí Bọ́lá Tinubu tó ní 572,606 ní Èkó nínú ìdìbò ààrẹ, gbogbo ọ̀rọ̀ ìdìbò gómìnà yí sórí ta ni ọmọ Èkó. Gbàdébọ̀ Rhodes-Vivour, ọ̀kan nínú àwọn tó ń du ipò náà, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Èkó tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Ìgbò, ni wọ́n ń pè ní Chinedu láti fi bú u, wọ́n sì ń fi Yorùbá rẹ̀ tí kò yọ̀ ṣe ẹ̀sín. Wọ́n dá àwọn kan dúró lẹ́nu ibùdó ìdìbò torí pé ojú wọn jọ ti Ìgbò. Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé Rhodes-Vivour jẹ́ orúkọ ìdílé Sàró. Orúkọ tí Èkó ti gbà wọlé tipẹ́ kò tó láti gba ẹni tó ń jẹ́ ẹ nígbà tí òṣèlú dé.

Ìbẹ̀rù tó wà lábẹ́ ìyẹn kò yẹ ká fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn Àwórí àti àwọn ọmọ Èkó ti rí i bí ilẹ̀ baba wọn ṣe bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àti olówó, kò sì sí ẹ̀yà kan ní Nàìjíríà tó gbà kí ẹlòmíràn jẹ gómìnà lé òun lórí ní ilé rẹ̀. Kí ló dé tí Èkó nìkan yóò fi ṣe ìyẹn? Ìdáhùn mi ni pé ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n òfin tí à ń lò kò dáàbò bo onílé. Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ kò dá ìwó-ilé dúró ní Maroko ní 1990, kò sì dá owó ilé dúró ní Sùúrùlérè. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún olóṣèlú ní ohun ìjà tó rọrùn láti gbé nígbà tí ìbò kò bá lọ bó ṣe fẹ́. Ìtàn Èkó sì fi hàn pé àlejò tí wọ́n gbà láyè, irú Macaulay, lè jẹ́ ẹni tí yóò ru ẹjọ́ ilẹ̀ onílé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wo ojú kejì rẹ̀ náà: ní oṣù Karùn-ún 2025 ìjọba Britain gbé àbá jáde láti sọ ọdún 5 tí àlejò fi ń dúró kó tó gba ìwé ìgbélùú di ọdún 10. Àwọn tó ń pariwo nílé pé ìwà ìkà ni èyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ohun tó burú nínú pé ọmọ tí wọ́n bí sí Lawanson kò lè di ọmọ Èkó ní ọdún 60.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2022, ilé aṣòfin àpapọ̀ kọ àbá tó fẹ́ gba obìnrin láyè láti sọ ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ àjèjì di ọmọ Nàìjíríà, wọ́n sì tún kọ èyí tó fẹ́ kí obìnrin tó lọ́kọ lè di ọmọ ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀. Àwọn obìnrin dó sí ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin ní Àbújá kí àwọn aṣòfin tó ní àwọn yóò tún díẹ̀ nínú rẹ̀ yẹ̀ wò. Bí ìyàwó ilé ẹni kò bá lè di ọmọ ìlú ẹni lábẹ́ òfin, kí la ń retí fún ayálégbé? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀nà mìíràn ti wà nílẹ̀ tí a ń lò lójoojúmọ́. Òfin owó orí Nàìjíríà ní ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń gbé ló ni owó orí rẹ̀, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti wá. Àjọ LIRS, tó ń gba owó orí ní Èkó, kì í béèrè oríkì kó tó gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò Tẹ̀júoṣó. Àjọ LASRRA náà ń forúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé Èkó sílẹ̀ láìwo ẹ̀yà. Tí àwọn aṣòfin bá yọ ọ̀rọ̀ òbí àgbà kúrò nínú abala 318, tí wọ́n sì fi iye ọdún tí èèyàn ti fi gbé ìlú, tó sì ti san owó orí níbẹ̀, dípò rẹ̀, ìwé tí wọn yóò fi ṣe é ti wà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Aláùsá.